Búrẹ́dì Tí Wọ́n Dá Dúró Lórí Afárá

Kí á tó sọ bí Ọ̀gbẹ́ni Septimus Crabtree ṣe ṣubú, ó yẹ ká kọ́kọ́ sọ bó ṣe ga tó, torí ó ga púpọ̀, pàápàá lójú ara rẹ̀.

Òun ni olórí ìgbìmọ̀ ìlú Hathersby. Òun ló ni ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tó tóbi jù níbẹ̀, òun náà ló sì ni èéfín tó ń jáde lórí òrùlé rẹ̀, èyí tí gbogbo ìlú ń fà símú lọ́fẹ̀ẹ́. Ní gbogbo Lancashire, kò sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ òwò òmìnira, ìyẹn òwò tí kò ní owó-bodè nínú, sọ bíi tirẹ̀. Ìjọba ti gbé owó-bodè lé àlìkámà tó ń bọ̀ láti òkè òkun, kí tàwọn onílẹ̀ ńlá ilẹ̀ England má bàa dínwó. Nítorí náà búrẹ́dì kéré, ebi sì pọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Crabtree kórìíra owó-bodè yìí. Ó kórìíra rẹ̀ láàárọ̀, ó kórìíra rẹ̀ lálẹ́, ṣùgbọ́n ìgbà tó máa ń kórìíra rẹ̀ jù ni ìgbà tí èèyàn bá kún inú gbọ̀ngàn.

Ohun kan ṣoṣo ló ń fẹ́ láyé: kí Hathersby dìbò yàn án lọ sí Ilé Aṣòfin ní London. Aṣojú wọn àtijọ́ ti kú nígbà òtútù, àyè sì ti ṣí sílẹ̀. Ó ń fẹ́ àyè náà débi pé ó ti ní kí wọ́n kun kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin rẹ̀ láwọ̀ búlúù, kí wọ́n sì fi wúrà kọ AṢÒFIN sára ilẹ̀kùn rẹ̀. Nítorí pé ìbò kò tíì wáyé, wọ́n fi aṣọ kékeré kan bo ọ̀rọ̀ náà. Aṣọ ọ̀hún ò gùn tó. Ibikíbi tí kẹ̀kẹ́ bá gbà, FIN ni gbogbo ayé ń rí.

Bí ó bá bọ́ fìlà gogoro orí rẹ̀, ìgbìmọ̀ ìlú á dìde. Bí ó bá dé e padà, wọ́n á jókòó. Lọ́jọ́ kan tí orí ń yún un, ìgbìmọ̀ dìde, wọ́n jókòó, wọ́n dìde, wọ́n jókòó, títí tí òógùn fi bò wọ́n, wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan pé ìpàdé náà lárinrin.

Ẹnì kan wà nínú ìgbìmọ̀ náà tó ń jẹ́ Pomfret, tó ń ta àbẹ́là, ọṣẹ àti tíì. Iṣẹ́ tirẹ̀ nínú ìpàdé ni ẹkún. Tí ọ̀rọ̀ Ọ̀gbẹ́ni Crabtree bá ti kan opó tí kò rí búrẹ́dì fún ọmọ rẹ̀, Pomfret á yọ áńkáṣíìfù pupa, á sì bú sẹ́kún. Ó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ opó yìí tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé nígbà míì, ẹkún rẹ̀ máa ń ṣáájú opó dé. Ọ̀gbẹ́ni Crabtree á wá rọra fọwọ́ dá a dúró.

"Kò tíì yá, Pomfret. Orí ọmọ òrukàn la ṣì wà."

Ẹnì kan ṣoṣo tí kì í pàtẹ́wọ́ ni Ìyáàfin Lettice Thorne, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, opó gidi ní tirẹ̀, tó ń bá a tọ́jú ilé. Òun ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ẹni tó bá ti nu ikun nímú èèyàn fún ọdún púpọ̀, ó ṣòro kó tún máa wo imú náà bíi ti aṣòfin.

"Sepi," ni ó wí láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ṣe ń fi bọ́tà ra búrẹ́dì funfun tí wọ́n yan nínú ilé, "òmìnira tí ò ń sọ kiri yìí, ṣé ó kan ṣọ́ọ̀bù rẹ?"

Ẹ jẹ́ ká fi Ọ̀gbẹ́ni Crabtree sílẹ̀ kó gbé ẹyin ẹnu rẹ̀ mì, ká sọ̀rọ̀ ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, ibẹ̀ sì ni àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ ti ń ra búrẹ́dì. Kò sí òfin tó ní dandan ni kí wọ́n rà á níbẹ̀. Òmìnira wà. Ó kàn jẹ́ pé ẹni tí kò bá rà níbẹ̀, ẹ̀rọ ìhunṣọ rẹ̀ a máa dédé bàjẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kì í sì í sí ẹni tó ráyè tún un ṣe. Àwọ̀ búrẹ́dì náà dà bíi ti ojú ọ̀run tí òjò ṣú sí. Ìyẹ̀fun ẹ̀wà wà nínú rẹ̀, ọ̀dùnkún wà nínú rẹ̀, ẹfun sì wà nínú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọmọdé fi ń mú èèpo rẹ̀ kọ orúkọ wọn sára ògiri.

Ọ̀gbẹ́ni Crabtree ti gbé ẹyin mì báyìí.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, tó gbé ọwọ́ kan sókè bí ẹni pé ẹgbẹ̀rún èèyàn ló wà nídìí tábìlì, "owó-bodè jẹ́ ìkà tí ìjọba ń hù. Ṣọ́ọ̀bù mi jẹ́ ìfẹ́ tí baba ní sáwọn ọmọ rẹ̀!"

"Baba náà ti tọ́ búrẹ́dì yẹn wò rí?"

"Ṣé kí n wá máa já oúnjẹ gbà lẹ́nu àwọn ọmọ mi ni?"

Ìyáàfin Lettice wo ojú àbúrò rẹ̀, ó rí i pé tọkàntọkàn ló fi sọ ọ́. Ó da tíì sí i nínú kọ́ọ̀bù.

Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni Ọ̀gbẹ́ni Crabtree sọ ọ̀rọ̀ tó ga jù nínú ayé rẹ̀. Gbọ̀ngàn kún, àwọn obìnrin ilé iṣẹ́ jókòó sókè lọ́hùn-ún lórí pẹpẹ ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, apá wọn wà nínú ìborùn, òwú funfun ṣì wà nínú irun wọn. Ó sọ̀rọ̀ títí àbẹ́là fi jó dé ìdí. Ó pe owó-bodè ní ejò, ó pè é ní ìgbèkùn, ó pè é ní ìyá ọkọ gbogbo aráyé. Pomfret ti sunkún kan, ó ń múra èkejì.

"Ta ló dá odò?" ló ké. "Ọlọ́run ni! Ta ló wá dá géètì? Sàtánì ni! Ẹ̀yin ará Hathersby, bí ẹ bá gbọ́ pé búrẹ́dì tó dára wà níbì kan, ẹ dìde, ẹ lọ rà á! Ìbáà jẹ́ ní Odessa, ìbáà jẹ́ ní America, ìbáà jẹ́ lẹ́yìn òṣùpá! Ẹnikẹ́ni tó bá dí yín lọ́nà, ọ̀tá yín ni, ọ̀tá ọmọ yín ni, ẹ má sì dìbò fún un láéláé!"

Gbogbo gbọ̀ngàn mì tìtì. Lórí pẹpẹ, obìnrin ahunṣọ kan tó ń jẹ́ Keziah Lomax, abiyamọ tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ Tamar.

"Tamar, Odessa jìnnà ni?"

"Ó jìnnà, jàre. Ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n ń wọ̀ lọ."

"Skelby ńkọ́?"

"Àh, Skelby kẹ̀? Ẹ̀yìn afárá níbí náà ni."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ká kọ́kọ́ ti Skelby bẹ̀rẹ̀ ná."

Báyìí ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní Sátidé, gbogbo obìnrin ilé iṣẹ́ náà kọjá lórí afárá lọ sí Skelby, abúlé tí ọkùnrin oníbúrẹ́dì kan ń gbé, tó ń fi ojúlówó àlìkámà yan búrẹ́dì. Wọ́n gbé e bọ̀ nínú agbọ̀n, ó ń rú èéfín, òórùn rẹ̀ ń ṣáájú wọn wọ gbogbo òpópónà. Àwọn ọmọ tó jẹ ẹ́ béèrè bóyá ọdún Kérésì ló dé. Ní ṣọ́ọ̀bù Ọ̀gbẹ́ni Crabtree, búrẹ́dì àná ń wo búrẹ́dì ìjẹta lójú, ti òní sì ń wo àwọn méjèèjì. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n lè bà jẹ́, torí bí wọ́n bá fẹ́ bá gbogbo wọn jà, gbogbo ilé iṣẹ́ ni yóò dúró.

"Ìṣọ̀tẹ̀ nìyí," ni Ọ̀gbẹ́ni Crabtree wí níwájú ìgbìmọ̀. Ó bọ́ fìlà. Wọ́n dìde. "Mo ní kí wọ́n lọ sí Odessa. Ta ló rán wọn ní Skelby?"

"Ẹ ṣáà ti ṣàlàyé ẹ̀ yékéyéké, sà," ni Pomfret wí. "Odessa lẹ sọ. Èmi pàápàá gbọ́ ọ."

"Òmìnira ńlá la jọ ń jà fún. Òmìnira wẹ́wẹ́ bí èyí ló ń bà á jẹ́. A óò fi géètì sórí afárá."

Kódà ìgbìmọ̀, tí wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ikọ́ Ọ̀gbẹ́ni Crabtree dùn létí bí orin, rántí pé ó ti dárúkọ ẹni tó dá géètì.

"Kì í ṣe géètì lásán," ló bá wí kíá. "Géètì Òmìnira ni. Ó máa dáàbò bo òmìnira, kó má bàa ti Hathersby jáde lọ sí Skelby."

"Háà!" ni wọ́n wí. "Ìyẹn náà yàtọ̀!" Wọ́n sì fọwọ́ sí i, wọ́n tún ní kí wọ́n kun géètì náà láwọ̀ búlúù.

Ẹni tí wọ́n fi ṣe oníbodè ni Enoch Tattersall, sójà àtijọ́ kan tí irun imú rẹ̀ funfun, tó sì máa ń nu bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ lẹ́yìn gbogbo oúnjẹ. Iṣẹ́ oníbodè kì í ṣe tuntun sí i. Ó ti ṣe é rí lójú ọ̀nà Preston, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti lé e, torí pé ó jẹ́ kí àlùfáà kan kọjá lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ọ̀wọ̀. Ilé kékeré tó wà lẹ́nu géètì ni wọ́n fi kún iṣẹ́ yìí fún un, ìyàwó rẹ̀ Dorcas sì ti gbin òdòdó síwájú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n kó dé.

"Enoch," ni Dorcas wí, "tí o bá tún wojú ẹnikẹ́ni, abẹ́ afárá la máa sùn o."

Ọ̀gbẹ́ni Crabtree fúnra rẹ̀ ló wá fún un láṣẹ, níwájú ìgbìmọ̀, torí kò lè pàṣẹ kí èèyàn má gbọ́.

"Búrẹ́dì tí wọn ò bá yan ní Hathersby ò gbọ́dọ̀ gba ibí wọlé. Ẹni yòówù kó gbé e! Bó ṣe bíṣọ́ọ̀bù, bó ṣe ọba, bó ṣe èmi Septimus Crabtree gan-an ni mo gbé e dání! Bí mo bá tilẹ̀ pàṣẹ fún ọ pé kí o ṣí i, má gbọ́ tèmi! Òfin ga jù mí lọ!"

Ìgbìmọ̀ pàtẹ́wọ́ fún ìrẹ̀lẹ̀ yìí. Enoch na tan bí igi.

"Mo ti gbọ́, sà. Bó ṣe ẹ̀yin gan-an."

Àwọn obìnrin kò jẹ́ kó sú wọn. Wọ́n fi búrẹ́dì sábẹ́ fìlà, wọ́n dì í sínú ìborùn bí ọmọ tuntun, wọ́n sì ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Enoch kì í ṣe òǹrorò, ṣùgbọ́n ó mọ̀ pé ọmọ tuntun kì í ju èérún sílẹ̀ bó ṣe ń kọjá.

"Keziah, ọmọ yẹn ń rùn bí ààrò."

"Baba rẹ̀ ló jọ, Bàbá Enoch. Ẹ ṣáà wo ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀!"

"Gbé e padà, ọmọ mi. Má jẹ́ kí wọ́n lé mi nílé."

Wọ́n wá yí ọgbọ́n padà. Wọ́n jókòó sí ìhà Skelby lórí afárá, wọ́n kó ọmọ wọn wá, wọ́n jẹ búrẹ́dì wọn tán lójú Enoch pẹ̀lú wàràkàṣì, wọ́n nu ẹnu, wọ́n sì fẹ́ kọjá. Ọ̀rọ̀ yìí da Enoch láàmú. Ó ti géètì, ó lọ bá ìgbìmọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, búrẹ́dì tó wà nínú ikùn ńkọ́? Ìta ni wọ́n ti yan án, ó sì ń wọlé."

Ìgbìmọ̀ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà láti àárọ̀ títí oúnjẹ ọ̀sán fi tutù. Àwọn kan ní kí wọ́n máa wọn ikùn. Níkẹyìn Ọ̀gbẹ́ni Crabtree dá ẹjọ́: "Búrẹ́dì tí èèyàn bá ti gbé mì ti di ọmọ ìlú Hathersby." Wọ́n dìde fún un. Ẹnì kan tiẹ̀ ní ó yẹ kí wọ́n fín in sára òkúta.

Ṣùgbọ́n Keziah ní ìyá arúgbó kan nílé tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lè gbé e dé afárá, Tamar sì ní ìbejì tí kò tíì rìn. Àwọn wọ̀nyẹn ṣì ń jẹ ẹfun. Ìlú ń rẹ́rìn-ín, àmọ́ ọ̀rọ̀ ò tíì tán nínú ẹ̀rín náà.

Bí ọ̀rọ̀ ti rí nìyẹn nígbà tí ọjọ́ ìfàkalẹ̀ àwọn olùdíje dé. Ẹgbẹ́ Òwò Òmìnira ti Manchester ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ wá ti Ọ̀gbẹ́ni Crabtree lẹ́yìn, pẹ̀lú fèrè, pẹ̀lú àsíá, àti pẹ̀lú Búrẹ́dì Ńlá. Ìwọ́de òwò òmìnira kankan ò pé láìsí i: búrẹ́dì méjì lórí ọ̀pá gígùn, ńlá kan, kékeré kan. Kékeré ni èyí tí aráàlú ń jẹ lọ́wọ́. Ńlá ni èyí tí wọ́n máa jẹ bí owó-bodè bá kúrò. Ẹni tí kò tilẹ̀ mọ ìwé á wòkè, á yé e, itọ́ á sì dà lẹ́nu rẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Crabtree kò lè sùn fún ìdùnnú. Bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́, ó ti kọjá sí ìhà Skelby lọ pàdé wọn. Olórí wọn, Ọ̀gbẹ́ni Ambrose Fairclough, ọkùnrin gbọọrọ kan tí ọ̀fìnkìn ń bá jà, kí i, ó sì fa ọ̀pá Búrẹ́dì Ńlá lé e lọ́wọ́ kó fúnra rẹ̀ gbé e wọ ìlú. Búrẹ́dì náà tó ìrọ̀rí àgbàlagbà méjì. Fèrè dún. Ọ̀gbẹ́ni Crabtree gbé àgbọ̀n sókè, ó ń rìn bí ẹni pé London ló wà ní òpin afárá.

Ẹ máa béèrè pé ṣé kò rántí géètì ni. Ó rántí rẹ̀ dáadáa. Lójú tirẹ̀, àwọn obìnrin ni géètì wà fún. Kò tíì wá sọ́kàn rẹ̀ rí pé òfin tóun ṣe lè rí òun.

"Ẹ dúró níbẹ̀!"

Fèrè dákẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan. Enoch Tattersall dúró sẹ́nu géètì, bọ́tìnì rẹ̀ ń kọ mànà. Lẹ́yìn rẹ̀, gbogbo Hathersby ti péjọ. Lẹ́yìn ìwọ́de náà, Keziah àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ti Skelby bọ̀ pẹ̀lú agbọ̀n wọn, torí Sátidé ni.

"Enoch," ni Ọ̀gbẹ́ni Crabtree wí tẹ̀ríntẹ̀rín, "ṣí géètì."

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá. Ẹ kú ọjọ́ ńlá òní. Kí lẹ gbé dání yẹn, sà?"

"Búrẹ́dì Ńlá ni!"

"Mo rí i pé ńlá ni. Níbo ni wọ́n ti yan án?"

Àìsàn kan ń bá Ọ̀gbẹ́ni Crabtree jà: kò lè gbọ́ ìbéèrè láàárín ọ̀pọ̀ èèyàn kó má fi ohùn rara dá a lóhùn.

"Ní Manchester!" ló ké. "Ní ìlú òmìnira! Pẹ̀lú àlìkámà tó la òkun kọjá!"

Enoch mi orí tìbànújẹ́tìbànújẹ́.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Kò lè wọlé."

Ọ̀gbẹ́ni Crabtree súnmọ́ ọn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Enoch, èmi nìyí."

"Mo mọ̀ yín, sà. Ẹ ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ pé ó lè jẹ́ ẹ̀yin." Enoch ṣẹ́jú sí i. "Ẹ̀ ń dán mi wò. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò ní dójú tì yín."

"Kì í ṣe ìdánwò! Mo pàṣẹ fún ọ, ṣí i!"

"Ẹ ti sọ ìyẹn náà, sà. Ẹ ní kí n má gbọ́."

"Dì í mú, Enoch!" ni Dorcas ké láti ojú fèrèsé. "Rántí àlùfáà!"

Ọ̀gbẹ́ni Fairclough sín, ó nu imú, ó sì tẹ̀ síwájú.

"Ọ̀gbẹ́ni Crabtree, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Géètì ta nìyí?"

"Ti... ti òmìnira ni."

Ọ̀gbẹ́ni Fairclough wọ awò ojú. Lára géètì náà, wọ́n ti kọ ọ́ gàdàgbà-gàdàgbà. Ó kà á sókè: "Géètì Òmìnira. Búrẹ́dì òde kò gbọ́dọ̀ wọlé. Nípa àṣẹ Septimus Crabtree." Ó bọ́ awò náà, ó nù ún, ó tún un kà, bóyá awò ló ń purọ́. Àwọn afọnfèrè láti Manchester ń wo bàtà wọn.

Òógùn ti ń ṣàn gba ẹ̀yìn etí Ọ̀gbẹ́ni Crabtree wọ kọ́là. Ọ̀pá náà wúwo, Búrẹ́dì Ńlá sì ń mi orí lókè bí ẹni tí ọ̀rọ̀ sú. Nígbà náà ni ọgbọ́n kan dé sí i, ọgbọ́n tí ì bá dára kó má dé.

"Ẹ̀yin ará!" ló ké. "Èyí kì í ṣe búrẹ́dì! Àmì ni! Àmì òmìnira! Enoch, òfin mi ò kan àmì!"

Enoch ronú. Ó wo búrẹ́dì náà. Ó fimú fa òórùn rẹ̀.

"Bàbá Enoch!" Ohùn Keziah ni, láti ẹ̀yìn lọ́hùn-ún. "Ẹ dákun, ṣé òfin kan wà lórí àmì?"

"Wọn ò bá mi sọ̀rọ̀ àmì rárá," ni Enoch wí.

"Ó ti yé mi. Tamar, gbé àmì ẹ sókè!"

Tamar gbé búrẹ́dì rẹ̀ sókè. Ẹni tó tẹ̀lé e gbé tirẹ̀. Kí a tó ṣẹ́jú, gbogbo afárá ti kún fún búrẹ́dì Skelby tí wọ́n nà sókè.

"Àmì ni tèmi náà!"

"Àmì tèmi ṣì gbóná o!"

"Ẹ yà, ẹ yà, àmì méjì ni mo rà, ìbejì ni mo bí!"

Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu àwọn afọnfèrè, ó la géètì kọjá, ó wọ ìlú. Ọ̀gbẹ́ni Crabtree la ẹnu láti sọ pé irú àmì kan ṣoṣo ló wà, ṣùgbọ́n Enoch ti ṣí géètì. Ó dúró gbọnyin bí i sójà, ó ń bi wọ́n léèrè lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Kí lo gbé?"

"Àmì, Bàbá Enoch."

"Kọjá."

Nígbà tó kan Ọ̀gbẹ́ni Crabtree, Ọ̀gbẹ́ni Fairclough na ọwọ́, ó sì gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹni gba abẹ lọ́wọ́ ọmọdé.

"Ẹ gbé e wá, ọ̀rẹ́ mi. A ti sọ̀rọ̀ tako bodè láti London títí dé Glasgow. A ò lè wá máa ti olùdíje tó ni bodè tirẹ̀ lẹ́yìn."

Wọ́n sọ Búrẹ́dì Ńlá kalẹ̀ lórí afárá, wọ́n gé e, gbogbo èèyàn sì jẹ nínú rẹ̀. Dorcas mú bọ́tà jáde. Ọ̀gbẹ́ni Crabtree nìkan ni kò jẹ. Ó dúró létí odò, ó ń to ọ̀rọ̀ pọ̀ nínú ọkàn, torí ó dá a lójú pé bí òun bá ṣáà ti lè dé orí pèpéle ní ọjà, tóun bá lè sọ̀rọ̀ fún wákàtí kan péré, gbogbo rẹ̀ á padà sípò.

Ó dé orí pèpéle. Pomfret ló yẹ kó fà á kalẹ̀. Pomfret dìde, ó yọ áńkáṣíìfù, ó sì wo ìsàlẹ̀. Keziah Lomax dúró níwájú rẹ̀ gan-an pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo.

"Ẹ káàsán, Ọ̀gbẹ́ni Pomfret. Àbẹ́là yín ń jó dáadáa o. Ó wù wá ká máa rà á lọ."

Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò ní ìbò, obìnrin kankan ò ní. Ṣùgbọ́n gbangba ni wọ́n ti máa ń dìbò ní Hathersby. Olùdìbò á gun pèpéle, á pe orúkọ ẹni tó ń fẹ́ kí gbogbo ayé gbọ́, ní ọjọ́ Mọ́ńdè á sì tún ṣí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ dúró de oníbàárà. Pomfret ro ọ̀rọ̀ àbẹ́là. Ó ro ọ̀rọ̀ ọṣẹ. Ó ro ọ̀rọ̀ tíì, ó sì bú sẹ́kún gidi, ẹkún tí opó kankan ò sí nínú rẹ̀.

"Mo fa... mo fa Jonas Birtwhistle kalẹ̀," ló wí.

Jonas Birtwhistle? Gbogbo èèyàn wá a kiri. Ẹ̀yìn ni wọ́n ti rí i, níbi tó ti ń gbìyànjú láti fara pamọ́ sẹ́yìn ẹṣin. Aláró ni, olówó tó tọ́ sí Ilé Aṣòfin, ẹni jẹ́jẹ́, akólòlò, tí ọwọ́ rẹ̀ dúdú fún aró títí dé ìgbọ̀nwọ́, tó sì máa ń ki ọwọ́ náà bọ àpò nítorí ìtìjú. Ọ̀gbẹ́ni Fairclough bi í bóyá ó gba òwò òmìnira gbọ́. Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní kó bá ìlú sọ̀rọ̀. Ó gun pèpéle bí ẹni tí wọ́n ń mú lọ sẹ́wọ̀n.

"Mo... mo máa yọ gé... géètì yẹn kúrò," ló wí, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Ariwo tó tẹ̀lé ọ̀rọ̀ náà ju gbogbo èyí tí gbọ̀ngàn ti gbọ́ rí. Ọ̀gbẹ́ni Crabtree sọ̀rọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ fún wákàtí kan lóòótọ́. Opó wà nínú rẹ̀, ọmọ òrukàn wà nínú rẹ̀, Odessa náà wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n níbi tó bá ti pe "òmìnira", ọmọdé kan á dá a lóhùn láti àárín èrò pé "Àmì ni!", ẹ̀rín á sì tún gba ọjà.

Ní ọjọ́ ìbò, àwọn obìnrin wá pẹ̀lú agbọ̀n òfìfo wọn, wọ́n tò sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn. Wọn kò halẹ̀ mọ́ ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń kí àwọn èèyàn ni.

"Ẹ kú àárọ̀, ọ̀gá alápatà. Ìyàwó ńkọ́?"

"Ó wà o," ni alápatà wí, ó sì gòkè lọ pe Birtwhistle.

Ẹni tó ń ṣe bàtà pe Birtwhistle. Ọlọ́tí pe Birtwhistle lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n má bàa ṣì í gbọ́. Àwọn ìgbìmọ̀ ìlú, tí wọ́n ti ń dìde tí wọ́n ń jókòó fún Ọ̀gbẹ́ni Crabtree láti ọjọ́ yìí wá, gòkè lọ́kọ̀ọ̀kan, wọn ò wojú rẹ̀, Birtwhistle ni gbogbo wọn pè. Nígbà tó fi di ìrọ̀lẹ́, ìwọ̀nba àwọn tó pe Crabtree ò ju àwọn ayálégbé rẹ̀ lọ, àti bàbá kan tí etí rẹ̀ di, tí òun náà ń jẹ́ Crabtree, tó rò pé orúkọ òun ni wọ́n ń béèrè.

Ó ku ẹnì kan. Ọ̀gbẹ́ni Crabtree náà ní ìbò.

Kò fẹ́ gòkè. Àmọ́ Ìyáàfin Lettice ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti àárọ̀, ó gbá eruku kúrò ní èjìká ẹ̀wù rẹ̀. "Lọ parí ẹ̀, Sepi. Kí a lè lọ jẹun."

Ó gun àtẹ̀gùn náà. Ọjà dákẹ́ rọ́rọ́. Ó rí gbogbo ojú wọ̀nyẹn tó gbé sókè sí i, Keziah, Tamar, Enoch, Pomfret tó ń fi áńkáṣíìfù bojú, ìdákẹ́jẹ́ náà sì dùn mọ́ ọn. Ó tú ọ̀fun. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ẹ̀yin ará Hathersby! Nígbà tí àwọn ọmọ yín bá ń béèrè..."

"Orúkọ nìkan la fẹ́, sà," ni akọ̀wé ìbò wí.

Ọ̀gbẹ́ni Crabtree dúró. Ọmọlúàbí kan kì í gun pèpéle lọ pe orúkọ ara rẹ̀. Ìyẹn ni gbogbo ayé mọ̀, òun náà sì mọ̀ ọ́n. Orúkọ kan ṣoṣo ló kù nílẹ̀. Ó yí fìlà gogoro rẹ̀ po lọ́wọ́. Nísàlẹ̀, Jonas Birtwhistle ń wò ó, ó ti gbàgbé láti ki ọwọ́ aró rẹ̀ bọ àpò, ojú rẹ̀ sì dà bí i ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kó jọ̀ọ́, kó wá gba iṣẹ́ náà padà.

"Birtwhistle," ni Ọ̀gbẹ́ni Crabtree wí.

Ohùn rẹ̀ kò ròkè. Ó ṣẹlẹ̀ kíá tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé ọjà. Nígbà tó yé wọn, wọ́n bú sáriwo. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ju fìlà sókè, àwọn obìnrin ń lu ìdí agbọ̀n, Enoch kí i bí sójà ṣe ń kí ọ̀gá, Keziah Lomax sì fi ìka méjì súfèé. Kò sẹ́ni tó sanwó fún wọn, kò sẹ́ni tó ṣẹ́jú sí wọn kí wọ́n tó ṣe é. Ọ̀gbẹ́ni Crabtree dúró síbẹ̀, etí rẹ̀ pọ́n. Ó tẹríba. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Ó tún tẹríba. Ó wá mí kanlẹ̀, ó tún bọ́tìnì ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó tẹ̀ síwájú dé etí pèpéle.

"Mo kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un," ló bẹ̀rẹ̀.

Ìyáàfin Lettice na ọwọ́ láti ìsàlẹ̀, ó sì di ìdí ẹ̀wù rẹ̀ mú.

"Sepi," ló wí, "sọ̀ kalẹ̀."